Ta Ló Ní Kí O Fọwọ́ sí I?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní fáktírì, ẹ jókòó, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà, ẹ má fi fìlà bojú, mo ti rí yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta, òun ló yẹ kí á kọ́kọ́ bi léèrè ohun tó ń wá nínú òjò.

Ìlú Onitsha ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ọmọ ibẹ̀, GRA ni wọ́n sì ń gbé, àdúgbò tí àwọn òyìnbó ìjọba ń gbé nígbà ayé wọn, kí àwọn ọlọ́rọ̀ tiwa tó jogún rẹ̀. Mo gbéra ní Iléṣà, mo gba orí afárá tuntun tí wọ́n ṣí ní 2023 sọdá odò Ọya, mo ní kí n lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. GRA dára fún ìsinmi. Òpópó dákẹ́, ògiri ga, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìnkùlé bí agbo oyin. Bí o bá wọ kẹ̀kẹ́ kúrò níbẹ̀ dé Fegge tàbí Okpoko, ìgbà náà ni wàá rí ibi tí àwọn tó ń bá àwọn ará GRA ṣiṣẹ́ ń sùn sí, tí omi ẹ̀gbin ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá.

Ọkọ ọmọ mi ni ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò oníke. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní dárúkọ òun alára. Àna kì í ṣe ẹni tí à ń nà sójú ọjà. (Ìyàwó mi tilẹ̀ ti ní kí n má kọ èyí rárá. Mo ní kó fojú fò ó bó bá dé ibẹ̀.)

Ní àárọ̀ Sátidé, mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, mo ń dúró de ògì. Òkìtì ìwé kan wà níwájú mi, agolo Milo ni wọ́n gbé lé e kí fáànù má baà fẹ́ ẹ dànù. Ojú àgbà kì í fo ìwé. Mo sún agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wọ awò mi, mo kà á. Ìlà mẹ́rin péré ni, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó sì wí nìyí: èmi lágbájá, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka tibí, tìfẹ́tìfẹ́ mi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú mi tàbí tàn mí, n kò fẹ́ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan, kí wọ́n má sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù mi fún wọn. Wọ́n ti tẹ ọjọ́ oṣù sí i. Àlàfo méjì ló kù, ibi orúkọ àti ibi ìfọwọ́sí.

Mo kà wọ́n: mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ẹ̀dá mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan náà tìfẹ́tìfẹ́, lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú àṣìṣe kan náà nínú ìlà kẹta, níbi tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti fo lẹ́tà kan. Mọ́kànlélógún ti fọwọ́ sí tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti ìka bọ inú yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sí i fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ló kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnikẹ́ni kò tan òun.

Àna mi bá mi níbẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ nítorí ìgbéyàwó, títí di òní kò sì gbàgbé rẹ̀. Ó ní, "Papa, ìwé ilé-iṣẹ́ ni o." Mo ní mo rí i. Mo ní, "Ta ló kọ ọ́?" Ó ní, "Àwọn òṣìṣẹ́ ni." Mo ní, "Gbogbo wọn ló ní kọ̀ǹpútà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó, ó sì là á fún mi. Ẹgbẹ́ tó ni ẹ̀ka iṣẹ́ wọn ti kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá dá ẹ̀ka sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó wà lókè ní kó kó ìwé jọ kí wọ́n tó dé. Ó ní òfin wà lẹ́yìn òun: òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n tún ṣe ní 2005 sọ ọ́ gbangba pé ìfẹ́ ọkàn ni wíwọ ẹgbẹ́, a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́, a kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tó bá kọ̀ ọ́.

Òótọ́ ló sọ. N kì í bá òótọ́ jà. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè: bí ọkùnrin kan bá lọ tẹ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀, tó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ìyẹn ń rokà lọ́wọ́, tó ní kó fọwọ́ sí i pé òun ìyàwó ló fẹ́ lọ, ta ló kọ ta nínú wọn? Ó ní, "Papa, ẹ jẹ́ kí ògì yín má tutù."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin wí fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ẹ kò kà á. Bọ́ọ̀lù Chelsea lẹ mọ̀ ọ́n kà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala ogójì, fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Òfin iṣẹ́ tó ti wà láti 1974 sọ pé àdéhùn iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fi wíwọ ẹgbẹ́ tàbí àìwọ̀ ọ́ ṣe májẹ̀mú fún ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ lé e nítorí rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ tún fi kún un pé níbi tí ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ bá ti ní ọmọ ẹgbẹ́ nínú ilé-iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kà á sí, kò sí pé ó ń ronú lọ́wọ́.

Ilé-ẹjọ́ kan wà fún irú èyí, National Industrial Court, òfin 1976 ló dá a sílẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa ní 2010 ló gbé e dé ipò ilé-ẹjọ́ gíga. Ìdájọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòroó gbọ́ yé. Òṣìṣẹ́ kékeré, ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n kà á sí láti ọjọ́ tó ti wọ iṣẹ́, àfi bí òun fúnra rẹ̀, ní òun nìkan, bá jókòó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò ṣe. Òṣìṣẹ́ àgbà ni tirẹ̀ yàtọ̀: òun ló máa kọ̀wé pé òun fẹ́ wọlé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan tí ń jẹ́ Mix & Bake bá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oúnjẹ, ohun mímu àti tábà dé iwájú wọn, ẹjọ́ tó wà nínú ìwé àkójọ ìdájọ́ ti 2004, ohun tí ilé-ẹjọ́ dì mú nìyí: kíka ẹgbẹ́ sí kì í ṣe àánú tí ọ̀gá ń ṣe, yíyọ owó ẹgbẹ́ kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀gá ń yàn bó bá wù ú.

Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ti ṣe é? Òfin ti gbé àwo oúnjẹ síwájú yín, ó ti fi ọmọrí dé e, ó ti bu omi ìfọwọ́ sí i. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbé e kúrò ni ìfọwọ́sí yín. Ìyẹn náà ni wọ́n ń wá. Òun lẹ sì ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti fún wọn.

Ọmọkùnrin kan máa ń wá fọ mọ́tò àna mi ní Sátidé. Fáktírì kan náà ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ tí ń yọ́ ike ni wọ́n fi í sí. Ọmọ Igbo ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ló ti dàgbà, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ. Mo pè é, mo ní, "Ìwọ náà fọwọ́ sí ìwé?" Ó ní, "Mo sáìn, Baba." "O kà á?" "Mi ò kà á, Baba, ẹ má bínú. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi pọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ò bá sáìn ò ní gba kọ́kọ́rọ́ lọ́kà."

Kọ́kọ́rọ́ lọ́kà! Ọ̀run kì í gbọ́ ohun tí ọmọ aráyé ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ rà kó má rẹ́rìn-ín.

Ó na ọwọ́ gba ṣéńjì tí mo fún un, mo sì rí àpá kan tó ti ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ gun ọrun ọwọ́, ó pọ́n, ó ń dán bí awọ ejò. Mo ní kí nìyẹn. Ó ní ike gbígbóná ló dà sí òun lára ní oṣù tó kọjá. Mo ní ta ló tọ́jú rẹ̀. Ó ní òun ra oògùn lọ́wọ́ kẹ́míìsì ní Fegge. Mo ní ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin kan wà láti 2010 tó ní kí ilé-iṣẹ́ máa dá owó sí àpò NSITF, kí wọ́n lè máa san gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ yìí kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ta ni ì bá sọ fún un? Ẹgbẹ́ tó yẹ kó sọ fún un ni ọmọ náà fọwọ́ sí pé òun kò fẹ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Amẹ́ríkà díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn yín wà. Ìjọba wọn ní àjọ kan tí ń jẹ́ National Labor Relations Board, láti 1935. Bí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa ṣojú fún wọn tí ọ̀gá wọn sì kọ̀, wọ́n máa ń dìbò, àjọ náà á kà á, á sì kéde rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò Volkswagen wà ní ìlú Chattanooga, ìpínlẹ̀ Tennessee. Ní 2014, wọ́n dìbò: 626 ní àwọn fẹ́ ẹgbẹ́, 712 ní àwọn kò fẹ́. Wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ. Ní 2019, wọ́n tún dì í: 776 fẹ́, 833 kò fẹ́. Wọ́n tún padà. Ní oṣù Kẹrin 2024, 2,628 ní àwọn fẹ́, 985 péré ló kọ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko kí wọ́n tó rí ohun tí òfin Nàìjíríà fi lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ gba ìwé ìgbanisíṣẹ́. Àwọn fi ọdún mẹ́wàá wá a. Ẹ̀yin fi ìṣẹ́jú kan dà á nù, bírò tí ẹ fi dà á nù kì í tilẹ̀ ṣe tiyín.

Bí ẹ bá ní ti òyìnbó nìyẹn, ó dáa, ẹ jẹ́ kí á wá sílé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kì ni gbogbo Nàìjíríà ń sọ. NUPENG, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo àti gáàsì, ló kọ́kọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ àwọn awakọ̀ epo láti wọ ẹgbẹ́. Ọ́fíìsì àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ DSS ní Abuja ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ọ̀rọ̀ kò tíì tutù tí PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, fi tún dìde. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà lé àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 800 nítorí pé wọ́n wọ ẹgbẹ́. Ilé-iṣẹ́ ní rárá o, àtúntò ni àwọn ń ṣe nítorí àwọn kan ń bá nǹkan jẹ́ nínú ilé-iṣẹ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, National Industrial Court pàṣẹ pé kí wọ́n dá ọwọ́ dúró, mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, Muhammad Dingyadi, pe apá méjèèjì jókòó. Ìwé àbọ̀ ìpàdé tí wọ́n gbé jáde sọ pé ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni wíwọ ẹgbẹ́, ó sì ní kí wọ́n pín àwọn tí wọ́n lé sí àwọn ilé-iṣẹ́ Dangote mìíràn láìdín owó wọn kù. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni PENGASSAN dá ìdaṣẹ́sílẹ̀ dúró.

Ẹjọ́ ta ló jàre níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fi sílẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Òṣìṣẹ́ àgbà ni àwọn wọ̀nyẹn. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé òfin ò ka òṣìṣẹ́ àgbà sí ọmọ ẹgbẹ́, àfi kí ó fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Ìyẹn ni pé ẹnjiníà tó ní ilé, tó ní mọ́tò, tó yẹ kí ó pa ẹnu mọ́ nítorí ohun tó ní, ló fọwọ́ sí ìwé láti wọlé. Ìwọ tí o kò ní ju búrẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀wà àgànyìn lọ lo fọwọ́ sí ìwé láti jáde. Ẹ̀rù kí ló wá ń bà ọ́ tí kò ba àwọn yẹn?

"Baba, ẹ ò mọ bí iṣẹ́ ṣe wọ́n ni." Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì gbà pé ẹ̀rù lè ba ènìyàn. Ẹ̀rù bà mí rí. Ohun tí n kò gbà ni kí ẹ máa pe ẹ̀rù ní ọgbọ́n. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nínú yín ní Ọ̀tà àti Ṣágámù pé ẹgbẹ́ kò wúlò, àwọn olè ni, owó wa ni wọ́n ń jẹ. Owó tí wọ́n ń yọ lóṣù kò tó èyí tí ẹ fi ń ra dátà wo àwọn oníjó. Bí olè bá ń jà nílé bàbá yín, ṣé ẹ máa lọ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ kì í ṣe ọmọ bàbá yín mọ́ ni, àbí ẹ máa lé olè?

Ẹ̀yin káṣúà, tí alágbàṣe gbà yín sí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí orúkọ yín kò sì sí nínú ìwé ilé-iṣẹ́, tiyín kò rọrùn tó báyìí, mo mọ̀. Ẹ óò gba ìbáwí tiyín lọ́jọ́ mìíràn. Alágbàṣe yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù lẹ ní, kò jìnnà láti Onitsha dé Enugu. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, ní Iva Valley, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn fún àwọn awakùsà èédú, mọ́kànlélógún kú. Owó àjẹsílẹ̀ tí wọ́n gbà pé wọ́n jẹ àwọn ni wọ́n ń bèèrè. Ìbọn kò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wulẹ̀ ń rọra ṣiṣẹ́ ni, ohun tí wọ́n ń pè ní welu nwayọ. Àna mi ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ẹ̀rín sì ń pa á, nítorí òun gan-an máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n bá ń sáré lórí àtẹ̀gùn. Azikiwe tí wọ́n sin sí Onitsha níbẹ̀, ìwé ìròyìn rẹ̀ gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́ nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945 tí Michael Imoudu wà níwájú rẹ̀, títí ìjọba fi ti West African Pilot pa. Ilẹ̀ tí irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ ni ọmọ tó ń fọ mọ́tò dúró lé tó ní àwọn tó wà lẹ́yìn òun pọ̀, òun ò kà á. Ìlà mẹ́rin!

Ó kan ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́. Ẹ kò ní gbọ́ "àgbájọ ọwọ́" lẹ́nu mi lónìí o. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ sára fáánẹ́ẹ̀lì ọjọ́ òṣìṣẹ́ títí ó fi ṣá. Nígbà wo lẹ dé ẹnu ọ̀nà fáktírì kẹ́yìn? Ṣé kí owó ẹgbẹ́ wọ báǹkì lẹ mọ̀? Ọmọ tí ike gbígbóná dà sí lára, tó ra oògùn fúnra rẹ̀, ẹ kò mọ̀ pé ó wà láyé. Bí ọ̀gá bá ń tẹ ìwé ìyọkúrò ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rin-mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ẹ̀yin mélòó lẹ tẹ ìlà mẹ́rin péré ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tí òṣìṣẹ́ ń gbà kọjá?

Mo ń sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀. Ní 1978 tí ìjọba kó àwọn ẹgbẹ́ wẹ́wẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan jọ, tí wọ́n sọ wọ́n di méjìlélógójì, tí NLC, àjọ àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ tí Hassan Sunmonu sì di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, èmi ni akọ̀wé ẹ̀ka wa ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà. A mọ orin kọ nígbà yẹn. Ní Kérésìmesì ọdún kan, àwọn ọ̀gá fi àpò ìrẹsì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwa tí a jẹ́ olóyè. Ní oṣù kejì tó tẹ̀lé e, ẹ̀rọ jẹ ìka méjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan, bàbá ìbejì. Nígbà tí ọgbẹ́ rẹ̀ jinná, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò yá mọ́, wọ́n já a sílẹ̀. Ó wá sí ìpàdé wa, ó dúró lẹ́yìn, ó fi aṣọ bo ọwọ́ náà. A sọ̀rọ̀ lórí ìnáwó ayẹyẹ títí, kí á tó dé orí tirẹ̀. Ohun tí mo kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi tí ó dára nígbà náà, ni: "A ó wò ó." A kò wò ó. Ìrẹsì náà ṣì kù nílé mi lọ́jọ́ náà. Títí di òní, bí ìyàwó mi bá se ìrẹsì ní Kérésìmesì, iyán ni mo máa ń bèèrè.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti dé. Ẹ mọ iye tí òfin ní kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀gá tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ka ẹgbẹ́ sí? Ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ẹ kà á dáadáa. Ó dùn mọ́ yín, kò ra odidi búrẹ́ẹ̀dì ńlá mọ́ lónìí. Bí àwọn aṣòfin wa bá ń kọ òfin, wọ́n máa ń gbàgbé pé owó ń darúgbó. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló yẹ kó tì yín lójú: ohun tí ẹ lè fi ẹgbẹ̀rún kan rà, ẹ ṣì ń fi irọ́ gbà á lọ́wọ́ ọmọ tí kò ní lọ́kà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé àna mi. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan kan géètì, ó gbé ìwé rìsíìtì dání. Ẹgbẹ́ onílé GRA ló rán an. Owó ọlọ́dẹ, owó tíráńsífọ́mà, owó ìtanràn nítorí pé àna mi kò wá sí ìpàdé oṣù tó kọjá. Àna mi san án, kò bèèrè ìbéèrè kan. Mo ní, "Wọ́n bi ọ́ bóyá o fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yìí?" Ó ní, "Papa, gbogbo onílé ló wà níbẹ̀." Mo gbé ojú sókè. Lókè tẹlifíṣàn, nínú gíláàsì, ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, Chartered Institute of Personnel Management, ó ń san owó wọn lọ́dọọdún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀, òun ni akápò. Ẹgbẹ́ mẹ́ta lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo.

Mo dìde, mo fa fọ́ọ̀mù kan yọ lábẹ́ agolo Milo. Mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Mo ní kó fa ìlà sí "ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́", kó kọ "ẹgbẹ́ onílé" sí i, kó fọwọ́ sí i tìfẹ́tìfẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi rí i pé n kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi pariwo láti ilé ìdáná, "Bàbá mi! Ẹ jọ̀ọ́!" Mo padà lọ jókòó.

Àna mi kò kó àwọn ìwé náà kúrò lórí tábìlì. Kò sì gbé wọn lọ sí ibi iṣẹ́ ní Monday. Ní Tuesday, mo jí, agolo Milo nìkan ló kù níbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ọmọ tó ń fọ mọ́tò dé. Mo ní kó fi kàǹkàn sílẹ̀, kó wá jókòó. A ya ewé kan nínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ-ọmọ mi, ó kọ ọ́, mo ń sọ ọ́ fún un: pé ìwé tí òun fọwọ́ sí lọ́jọ́ báyìí, òun kò kà á kí òun tó fọwọ́ sí i, pé òun yí i padà, pé ọmọ ẹgbẹ́ ni òun, kí wọ́n máa yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù òun. Ìlà mẹ́rin. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ètè rẹ̀ ń mì. Kò fọwọ́ sí i.

Ó ní, "Baba, tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo mú u lọ ńkọ́?"

Mo ní kó lọ bi àwọn ogún tó kù. Mo ní kó bi ẹni tó tẹ ìka pàápàá.

Ó ká ewé náà sí mẹ́rin, ó ṣí ẹ̀yìn fóònù rẹ̀, ó tì í sáàárín fóònù àti ike tó bò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé báàkéètì, ó padà lọ ṣan ọṣẹ kúrò lára mọ́tò àna mi.